Bí Firefox Ṣe Ń Kọ̀ Láti Wọlé Nígbà Ìgbéga Ubuntu sí 22.04: Okùnfà àti Àtúnṣe

Láti ọdún 2004 tí Ubuntu ti kọ́kọ́ jáde ni Firefox ti jẹ́ aṣàwákiri tó ń bá a wá. Pákéèjì oríṣi deb ni wọ́n fi ń dì í. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, nínú ẹ̀dà 21.10, snap, tí ó jẹ́ oríṣi pákéèjì mìíràn, gba ipò deb lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Ubuntu sí. Nígbà tí 22.04 fi máa jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2022, Firefox gidi ti kúrò nínú àká deb ti Ubuntu. Aṣàwákiri Chromium ti gba ọ̀nà yìí kọjá ní ọdún 2019.

Orísun ìṣòro

Pákéèjì kan tó ń jẹ́ firefox ṣì wà nínú àká náà, ṣùgbọ́n èèpo lásán ni. Bí apt, irinṣẹ́ tó ń fi pákéèjì deb sí kọ̀ǹpútà, bá dé orí rẹ̀, ìwé àṣẹ kékeré (script) inú rẹ̀ á ní kí snapd, ètò tó ń bójú tó snap, lọ gbé aṣàwákiri wá láti Snap Store. Apt á máa dúró de snapd, snapd á máa dúró de íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ọ̀kan bá kọsẹ̀, dpkg tí apt ń lò á kéde àṣìṣe, ìgbéga sì lè dúró nígbà tí àwọn pákéèjì kan ti di tuntun tí àwọn mìíràn ṣì jẹ́ ti àtijọ́.

Okùnfà

Mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Èkíní ni pé kọ̀ǹpútà kò rí api.snapcraft.io, àdírẹ́sì Snap Store: bóyá dátà ti tán, tàbí ètò ààbò ọ́fíìsì dí ọ̀nà. Èkejì ni pé snapd kò ṣiṣẹ́, tàbí ẹnìkan ti yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀kẹta ni àyè tó kéré lórí dísìkì, nítorí snap máa ń kó púpọ̀ nínú ohun tí ó nílò dání.

Bí kọ̀ǹpútà kò bá rí Snap Store, ohun mẹ́ta ni Ubuntu á fi síwájú ẹni: Retry, Abort àti Skip. Retry ń tún ìsopọ̀ gbìyànjú. Abort ń dá iṣẹ́ dúró. Skip ń jẹ́ kí ìgbéga parí láìsí Firefox. Níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá ti dára, Skip ló sàn jù: kọ̀ǹpútà tí kò ní aṣàwákiri rọrùn láti tún ṣe ju èyí tí ìgbéga rẹ̀ dá dúró lágbedeméjì lọ.

Àtúnṣe

Inú /var/log/dist-upgrade ni àkọsílẹ̀ ìgbéga wà. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nínú apt-term.log ni kí a kà dáadáa, nítorí òun ló sábà máa ń bí àwọn tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, systemctl status snapd á fi hàn bóyá snapd wà lẹ́nu iṣẹ́, df -h á sì sọ àyè tó kù. Bí méjèèjì bá dára, sudo snap install firefox ló kàn. Ìgbà tí èyí bá yọrí ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo sudo dpkg --configure -a, kí a sì fi sudo apt -f install kádìí rẹ̀. Ẹni tó bá ti ọwọ́ apt bẹ̀rẹ̀ á tún ṣubú síbi kan náà, nítorí ìwé àṣẹ yẹn á tún pe snapd.

Ìdènà

Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí ìgbéga tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí a ṣe ẹ̀dà fódà ~/.mozilla, níbi tí ọ̀rọ̀ aṣínà àti àwọn ojúewé tí a sàmì sí wà. Inú ~/snap/firefox/common ni snap ń kó tirẹ̀ sí.

Ẹni tí kò fẹ́ snap lè lo àká deb tí Mozilla fúnra rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún Firefox ní oṣù kìíní ọdún 2024. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fún àká náà ní Pin-Priority 1000, torí nọ́ńbà èèpo Ubuntu bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1:, apt sì máa ń kà á sí èyí tó tuntun jù.

Ẹ̀bi ìkùnà yìí kì í sábà sí lọ́rùn Firefox. Snapd, íntánẹ́ẹ̀tì àti dísìkì ló yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.