Ilé-Ẹ̀kọ́, Ipò Ìdílé àti Eré Ìdárayá: Láti Dublin dé Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ní ìlú Dublin, ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ bá lọ ló sábà máa ń pinnu irú bọ́ọ̀lù tí yóò gbá. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí òbí ń sanwó gọbọi sí ni rọ́gbì fìdí múlẹ̀ sí: Blackrock College tí àwọn àlùfáà ìjọ Ẹ̀mí Mímọ́ dá sílẹ̀ ní 1860, àti Belvedere pẹ̀lú Clongowes Wood ní Kildare tó wà nítòsí, tí wọ́n jẹ́ ti àwọn Jesuit. Láti 1887 ni wọ́n ti ń du ife-ẹ̀yẹ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ẹkùn Leinster. Blackrock ló gba ti àkọ́kọ́, kò sì sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn tó tíì gbà á tó o láti ìgbà náà. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ òṣìṣẹ́ máa ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Christian Brothers ní tiwọn, bọ́ọ̀lù Gaelic àti hurling ni wọ́n sì máa ń ṣe níbẹ̀. Ẹgbẹ́ GAA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1884 láti gbé eré ìbílẹ̀ Írẹ́lándì ga, tilẹ̀ fòfin de àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni ṣe eré àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Rọ́gbì wà lára eré tí wọ́n fòfin dè yìí, ó sì di 1971 kí wọ́n tó pa òfin náà rẹ́.

Ní Limerick, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn òṣìṣẹ́ èbúté àti àwọn ọmọ mẹ̀kúnnù ìlú náà ló sọ rọ́gbì di tiwọn, ẹgbẹ́ àdúgbò bíi Garryowen, Young Munster àti Shannon ló sì kó wọn jọ. Bọ́ọ̀lù kan náà ni, òfin kan náà ni, síbẹ̀ eré tí ọmọ lọ́yà àti ọmọ dókítà ń ṣe ní Dublin ni ọmọ alágbàṣe ń ṣe ní Limerick. Ó yẹ kí èyí pa èrò náà rẹ́ pé àwọn eré kan wà tí a dá fún olówó. Ohun mẹ́ta ló ń fi ipò lé eré lórí: ta ló ni pápá, ta ló ni àkókò ọmọ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, àti ta ló ń mú un lọ síbi ìdíje. Ní ibi púpọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ ló di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú. Ní Limerick, àdúgbò ló dì wọ́n mú.

Ọmọ Yorùbá kan wà nínú ìtàn yìí. Ìbàdàn ni wọ́n bí Níyì Adéolókun sí ní 1990, ọmọdé ló sì wà nígbà tó dé Dublin. Bọ́ọ̀lù Gaelic ló kọ́kọ́ ń gbá níbẹ̀. Ó ti ń di géńdé kó tó mú rọ́gbì ní kíkún, ó gba ẹgbẹ́ Dublin University kọjá, ẹgbẹ́ Connacht sì gbà á ní 2014. Ní Oṣù Karùn-ún 2016, ó wà lára àwọn tó gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà nínú àṣekágbá ìdíje Pro12, tí Connacht fi na Leinster, ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ńlá Dublin kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Kí ọdún náà tó parí, ó ti wọ aṣọ orílẹ̀-èdè Írẹ́lándì. Oríyìn tọ́ sí i. Àmọ́ ọ̀nà tó gbà wọlé kì í ṣe ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà. Ẹgbẹ́ tó gba ẹni tí kò ti kékeré kọ́ eré náà ló ṣí i sílẹ̀ fún un.

Ní Èkó, kíríkẹ́ẹ̀tì ló jọ rọ́gbì Dublin jù lọ. Ní 1904 ni ẹgbẹ́ Èkó àti ti Gold Coast (Gánà òde òní) ti kọ́kọ́ pàdé lórí pápá. Fún ìgbà pípẹ́, ẹgbẹ́ méjì ló ń darí eré náà, ọ̀kan fún àwọn òyìnbó, èkejì fún àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí. Ó ku díẹ̀ kí òmìnira dé kí wọ́n tó di ọ̀kan. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí tó ń ṣe é kò pọ̀: King's College tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1909, Government College ní Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1929, Igbobi College ti 1932, àti díẹ̀ mìíràn. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ hàn gbangba. Kíríkẹ́ẹ̀tì ń fẹ́ ilẹ̀ títẹ́jú tí wọ́n gé koríko rẹ̀ mọ́lẹ̀, igi, bọ́ọ̀lù aláwọ, ìbòsẹ̀ àti ìbọ̀wọ́. Ó tún lè gba odindi ọjọ́ Sátidé. Ọmọ tó ń gbé inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ló ní odindi Sátidé.

Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá kò béèrè èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí. Nígbà tí ẹgbẹ́ Nàìjíríà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1949, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò wọ bàtà gbá bọ́ọ̀lù, Teslim Balógun tí gbogbo ayé mọ̀ sí Thunder sì wà pẹ̀lú wọn. Síbẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kò yọwọ́ níbẹ̀. Àlùfáà Denis Slattery, ọmọ Írẹ́lándì láti ẹkùn Cork, ló dá St Finbarr's College sílẹ̀ ní 1956. Kò gbin rọ́gbì síbẹ̀; bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tó bá ní ìgboro Èkó ló gbà mọ́ra, òun fúnra rẹ̀ sì ń ṣe adájọ́ lórí pápá. Inú ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ni Stephen Keshi àti Henry Nwosu ti jáde. Ohun tí Slattery ṣe ju bọ́ọ̀lù lọ: ó jẹ́ kí ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá wọ kíláàsì tí owó bàbá rẹ̀ lè má ká. Ní 2001, ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í dá irú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, tí ìjọba ti gbà tẹ́lẹ̀, padà fún ìjọ tó ni wọ́n. Owó sísan padà sí ẹnu-ọ̀nà wọn, ojúlé tí Slattery ṣí sì dín kù.

Ìtàn Ẹ̀pẹ́ yàtọ̀ láti ìpìlẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní ìparí 1851, Ẹ̀pẹ́ ló sá sí, àwọn èèyàn rẹ̀ tó tẹ̀ dó síbẹ̀ sì jẹ́ Mùsùlùmí púpọ̀. Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ fi ọmọ sílé-ẹ̀kọ́ ìjọ, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé ibẹ̀ ni wọn yóò ti sọ ọ́ di Kìrìsìtẹ́nì. Ìdí rèé tí ìjọba fi dá ilé-ẹ̀kọ́ Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Èkó ní 1896, ní Ẹ̀pẹ́ ní 1898, àti ní Àgbádárìgì ní 1899. Ìwé kíkà dé Ẹ̀pẹ́ nípasẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n ọgbà ńlá tó ní pápá kíríkẹ́ẹ̀tì kò bá a dé. Eré tó so mọ́ ìlú náà ni ìdíje ọkọ̀ ojú omi, tí ọmọ apẹja kọ́ lẹ́nu iṣẹ́, àti bọ́ọ̀lù.

Ẹni tó bá dé Ọjà Olúwo, ọjà ẹja ní Ẹ̀pẹ́, yóò rí ohun tí àkókò jẹ́ fún ọmọ ìlú etí omi. Àrọ̀, epìyà àti òbòkún ń ti inú ọkọ̀ bọ́ sórí àtẹ. A ó ha ìpẹ́, a ó fọ ẹja, a ó gbé e lọ fún oníbàárà kó tó rọ̀. Ọmọ tó ti ilé-ìwé dé ló ń gbé abọ́. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá fi eré sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọmọ ẹlẹ́ja ti yọ kúrò nínú rẹ̀, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni lé e. Àìlágbára ọmọ kọ́, àìnífẹ̀ẹ́ sí eré kọ́.

Ìkòròdú ló fi èyí hàn jù, nípasẹ̀ eré tí kò ná ni ní pápá rárá. Ṣẹ́ẹ̀sì kò ju pátákó kan àti ọmọ 32 lọ, síbẹ̀ ọwọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olówó àti yunifásítì ló wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé eré ìrònú ju ọpọlọ mẹ̀kúnnù lọ níbi tí àwọn alágbàṣe ti ń jókòó ti ọpọ́n ayò, tí wọ́n ń ka ọmọ 48 láàárín ilé 12 lójú ẹsẹ̀. Túndé Ọ̀nàkọ̀yà dàgbà ní Ìkòròdú. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ló ti kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì. Ìyá rẹ̀ sì gba iṣẹ́ ìmọ́tótó ní ilé-ẹ̀kọ́ kan kí wọ́n lè jẹ́ kó kàwé níbẹ̀ láìsanwó. Ní 2018, ó gbé pátákó ṣẹ́ẹ̀sì lọ sí Majídùn, àdúgbò etí omi ní Ìkòròdú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ níbi tí wọ́n wà gan-an. Èyí ni Chess in Slums Africa. Àṣírí rẹ̀ ò ju pé kò dúró de ọmọ ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Ó pàdé rẹ̀ ní àkókò tí ọmọ ní, ní ibi tí ìyá ọmọ lè pè é, kó dáhùn.

Ní Dublin, owó ló ń ra ilé-ẹ̀kọ́, ilé-ẹ̀kọ́ sì ń fún ọmọ ní eré. Ní Majídùn, eré ló ṣáájú, ó ń wá ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Ní Oṣù Kẹrin 2024, nígbà tí Ọ̀nàkọ̀yà fi wákàtí 60 ta ṣẹ́ẹ̀sì ní Times Square, New York, láti wọ ìwé àkọsílẹ̀ Guinness, owó ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí kò rí ilé-ìwé lọ ní Áfíríkà ló ń fi ìgbìyànjú náà wá, mílíọ̀nù kan dọ́là ló sì fi ṣe àfojúsùn. Kò sí ọmọ Blackrock kan tí ẹnìkan ní láti fi wákàtí 60 ta ṣẹ́ẹ̀sì nítorí rẹ̀ kó tó wọ kíláàsì.