Àgùntàn Ẹ̀yìnkùlé: Ọ̀sìn Àtijọ́ Tó Ṣì Wà ní Èkó

Kí Ṣáṣá ní Alímọ̀ṣọ́ tó di àdúgbò tí ilé fara kan ilé, oko àti abúlé Àwórì ló wà níbẹ̀. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Ẹkùn Ìkẹjà, tí ilẹ̀ yìí jẹ́ ara rẹ̀, wà títí di ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ní irú abúlé bẹ́ẹ̀, àgùntàn wà lára ará ilé.

Àgùntàn kúkúrú ilẹ̀ wa kò jọ ti òyìnbó. Irun ló ní, kò ní òwú tí wọ́n ń rẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, ara rẹ̀ sì ki. Ó ti pẹ́ lápá ibí: ní Gánà, níbi tí àwọn ará Kintampo àtijọ́ gbé, àwọn awalẹ̀pìtàn rí eegun àgùntàn tàbí ewúrẹ́ tó ti lo nǹkan bí 4,000 ọdún. Pípẹ́ tó pẹ́ nínú igbó ló jẹ́ kó lè fara da àrùn tí eṣinṣin tsetse ń kó ran ẹran, àrùn tó máa ń dá àgbò ńlá ilẹ̀ Haúsá dùbúlẹ̀.

Kò di dandan kéèyàn lówó kó tó ní tirẹ̀. Ẹni tó ní abo lè gbé e fún aládùúgbò kó máa bá a sìn ín. Bó bá bímọ, wọ́n á pín in. Nǹkan bí oṣù márùn-ún ni oyún rẹ̀, nítorí náà abo kan lè di agbo kékeré láàárín ọdún díẹ̀. Bí owó ilé ìwé tàbí ìnáwó òkú bá dé, ọ̀kan á dé ọjà.

Ìgbádùn rẹ̀ wà nínú ohun kékeré. Nírọ̀lẹ́, ìyá ilé á da èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ àti èèpo iṣu sílẹ̀, agbo tó ti ń jẹ kiri láti àárọ̀ á sì fúnra rẹ̀ wálé. Ọmọ àgùntàn á sáré wọ abẹ́ ìyá rẹ̀, á kúnlẹ̀, á máa forí ta ọmú, ìrù rẹ̀ á máa jù fìrìfìrì. Ìyá á yí ọrùn padà, á gbóòórùn ìdí rẹ̀. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, á kàn án dànù. Àgbò ni àwọn ọmọkùnrin ń wò ní tiwọn, nítorí àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá.

Iyì àgbò kọjá ẹran ọbẹ̀. Ní Ọ̀wọ̀, àwọn ìjòyè a máa gbé orí àgbò tí wọ́n fi igi gbẹ́ sí ojúbọ àwọn baba ńlá wọn. Àgbò náà ni ẹran Ṣàngó. Nígbà tí Ìsìláàmù gbilẹ̀, Iléyá tún fi kún iyì rẹ̀.

Ìlú ló fún agbo mọ́. Láàárín ọdún 1979 sí 1983, ìjọba Gómìnà Lateef Jákáńdè kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí Abesan ní Ìpájà, ní Alímọ̀ṣọ́ kan náà. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, èèyàn Alímọ̀ṣọ́ ti ju 1,200,000 lọ. Àgùntàn tó ń jẹ kiri wá ń kó sẹ́nu mọ́tò, ó sì ń gbé ọ̀rá mì lẹ́bàá gọ́tà.

Síbẹ̀, àwọn ará Èkó ṣì ń so àgbò mọ́ ẹ̀yìnkùlé de Iléyá. Ọ̀sìn yìí kò yẹ kó parun. Ẹni tó bá láyè díẹ̀, kó ra abo méjì, kó ṣe ọgbà tí òjò kò ní wọ̀ fún wọn, kó máa gé ewé àgúnmánìyè fún wọn jẹ. Kó pe dókítà ẹran kó gún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára PPR, àrùn tó lè run agbo. Kó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé máa bá a bọ́ wọn.