Fìlà fún eyín tí a “pa”: ìtàn ààbò eyín lẹ́yìn ìtọ́jú gbòǹgbò

Ọ̀rọ̀ ìṣe kan ló bí àpilẹ̀kọ yìí: “pa”. Dókítà eléyín kan ní Àjàṣẹ́ tọ́jú ọ̀kan nínú àwọn eyín ìsàlẹ̀ tí mo fi ń lọ oúnjẹ, ó sì lo ọ̀rọ̀ Faransé náà “dévitaliser” fún ohun tó ṣe. Nígbà tí mo dé Kétu, mo túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá mi pé wọ́n ti pa eyín náà. Ìyá ní: “Ṣé òkú lo wá tún fẹ́ máa náwó lé lórí?” Dókítà ti ní kí n padà wá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n fi “couronne” bò ó. Mi ò lọ. Kò kúkú dùn mí mọ́. Ní oṣù kẹjọ, níbi tí mo ti ń jẹ àgbàdo sísun, eyín náà là sí méjì dé gbòǹgbò. Yíyọ ni wọ́n yọ ọ́.

Àṣìṣe mi kì í ṣe tuntun. Ìtàn iṣẹ́ náà fi hàn pé ó pẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ eyín fúnra wọn tó mọ̀ pé bí ìrora bá tán, iṣẹ́ kò tíì tán.

Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an? Inú eyín ní ẹran rírọ̀ tí iṣan àti òpó ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹrà, dókítà á lu ihò láti òkè, á kó ẹran náà kúrò, á fọ ihò inú gbòǹgbò, á sì dí i pa. Ṣùgbọ́n àwọn okùn tín-ín-rín tó so gbòǹgbò mọ́ egungun àgbọ̀n ṣì wà láàyè. Eyín náà kì í ṣe òkú. Ilé tí ògiri rẹ̀ ti dín ni. Ní 1989, Reeh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn bí líle eyín ṣe ń dín kù: ihò ìtọ́jú nìkan mú nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 lọ, ṣùgbọ́n eyín tí wọ́n gbẹ́ etí rẹ̀ méjèèjì tó kọjú sí àwọn eyín ẹ̀gbẹ́ pàdánù nǹkan bí ìdá 63. Ibi tí kòkòrò ti jẹ eyín lọ ló fà á tó fi ń là.

Ní 1728, Pierre Fauchard tẹ ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ abẹ eyín jáde ní Paris. Ó ṣàlàyé bí a ṣe ń ki irin wúrà tàbí fàdákà bọ ihò gbòǹgbò láti gbé eyín àtọwọ́dá dúró. “Tenon” ni orúkọ tí wọ́n fún un, ọ̀rọ̀ àwọn káfíńtà. Àwọn mìíràn lo igi dípò irin. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn pákó ṣe ń wú nígbà òjò, bẹ́ẹ̀ ni igi náà ń mu omi ẹnu tó ń wú, ó sì máa ń la gbòǹgbò. Ní 1746, Claude Mouton kọ̀wé nípa wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ń dà bo eyín lórí. Ẹ kíyè sí orúkọ tó pè é: “calotte”, ìyẹn fìlà.

Nǹkan yí padà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní 1838, Edward Maynard ní Amẹ́ríkà fi irin inú aago rọ ohun èlò tó lè wọ ihò gbòǹgbò. Ní 1867, Bowman lo oje igi gutta-percha láti dí ihò náà, a sì ń lò ó títí dòní. Lẹ́yìn náà ni adé Richmond dé, tó ní òrùka irin tó di etí gbòǹgbò mú, bí àgbẹ̀dẹ ṣe ń fi òrùka di ẹnu èèkù ọ̀bẹ kó má bàa là. Dókítà ṣì ń wá irú ìdìmú bẹ́ẹ̀ lónìí: adé gbọ́dọ̀ gbá eyín gidi mú yí ká, ó kéré tán ní nǹkan bíi mìlímítà 1.5 sí 2. Ní 1907, Taggart fi ìda ṣe àwòṣe, ó sì da wúrà sípò rẹ̀ kó lè bá eyín mu rẹ́gí. Ọgbọ́n ìda yìí kò ṣàjèjì sí wa. Irú rẹ̀ ni àwọn ará Ifẹ̀ fi rọ orí idẹ ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú.

Síbẹ̀, ẹ̀rí tó dájú pẹ́ kó tó dé. Ní 1984, Sorensen àti Martinoff yẹ eyín 1,273 wò. Adé ran àwọn eyín ẹ̀yìn lọ́wọ́ gidigidi, kò fi bẹ́ẹ̀ yí nǹkan padà fún ti iwájú, irin inú gbòǹgbò kò sì fi agbára kún eyín. Ní 1995, Ray àti Trope wo àwòrán eyín 1,010. Wọ́n rí i pé bí a bá dí òkè eyín dáadáa, ìsàlẹ̀ gbòǹgbò ń jàǹfààní púpọ̀, torí itọ́ àti kòkòrò kò ríbi wọlé mọ́. Ní 2002, Aquilino àti Caplan rí i pé eyín tí kò ní adé ń sọnù ní ìlọ́po 6 ju èyí tó ní lọ.

Èmi tí mò ń kọ́ ènìyàn ní ìmọ̀ èdè ni mo fi ọ̀rọ̀ méjì ṣi ara mi lọ́nà. “Pa” mú kí n rò pé eyín ti parí. “Adé”, tí mo fi túmọ̀ “couronne”, mú kí n rò pé ọ̀ṣọ́ ọlọ́lá ni wọ́n fẹ́ tà fún mi. Ṣùgbọ́n apá eyín tó yọ síta lókè erìgì ni àwọn Faransé ń pè ní “couronne” bákan náà. Ohun tí dókítà ń fi sí i ń rọ́pò ara eyín ni, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Fún ìdí èyí, mo dábàá “fọ gbòǹgbò eyín” dípò “pa eyín”, àti “fìlà eyín” dípò “adé”, gẹ́gẹ́ bí Mouton ṣe pè é.

Mo ti dán an wò. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n tọ́jú eyín mi mìíràn. Mo sọ fún ìyá mi pé: “Ìyá, wọ́n ti fọ gbòǹgbò rẹ̀, ó ku kí wọ́n dé e ní fìlà.” Ìyá ò dárúkọ òkú mọ́. Ó ní: “Ọjọ́ wo ni wọ́n ní kí o padà wá?”