Joseph Rotblat, Ogunléndé Tí Ó Kọ Iṣẹ́ Bọ́ǹbù Sílẹ̀

Ní àárín ìlú Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger, ọjà kan wà tí àwọn Faransé ń pè ní Petit Marché, èyí tí ó túmọ̀ sí Ọjà Kékeré. Àwọn Zarma àti àwọn Hausa ni ó pọ̀ nínú àwọn tí ń ná an, ṣùgbọ́n èdè Yorùbá kò ṣàjèjì níbẹ̀, nítorí ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣòwò Yorùbá ti ń tà tí wọ́n sì ń rà ní ìlú náà. Ata, àlùbọ́sà àti ẹran ni ọ̀rọ̀ ọjà. Ẹni tí ó gbé agbọ̀n lọ síbẹ̀ kò ní í máa ro ti bọ́ǹbù. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1960, nígbà tí Niger ṣì wà lábẹ́ Faransé, ni àwọn Faransé dán bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù wọn àkọ́kọ́ wò ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà ní ilẹ̀ Àlgéríà, nǹkan bí 1,500 kìlómítà sí àríwá ọjà náà. Agbára rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́rin ti bọ́ǹbù tí ó run Hiroshima lọ. Eruku irú bọ́ǹbù bẹ́ẹ̀ kì í béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó kọjá ẹnu ibodè.

Ẹnì kan wà ní London ní ìgbà náà tí ó ti ń kìlọ̀ fún ayé nípa eruku olóró yìí láti nǹkan bí ọdún márùn-ún ṣáájú. Kì í ṣe òṣèlú, kì í sì í ṣe oníwàásù. Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ físíìsì ni, Júù láti ilẹ̀ Pólándì, ẹni tí ogun ká mọ́ ẹ̀yìn odi tí kò sì jẹ́ kí ó padà sí ilé rẹ̀ mọ́. Joseph Rotblat ni orúkọ rẹ̀. Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo létí àwọn tí ó gbọ́ ọ ni pé òun tìkára rẹ̀ wà nínú àwọn tí ó ṣiṣẹ́ bọ́ǹbù àkọ́kọ́, ó sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá a lọ.

Ìlú Warsaw ni wọ́n gbé bí i, ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 1908. Baba rẹ̀ kì í ṣe tálákà rárá ní ìbẹ̀rẹ̀: ó ní àwọn ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ẹrù tí wọ́n fi ń kó bébà kiri. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun àgbáyé kìíní dé ní 1914, wọ́n ti ẹnu ibodè, wọ́n gba àwọn ẹṣin fún ogun, òwò náà sì dàrú. Ìdílé tí ó ti ń gba àwọn ẹlòmíràn sí iṣẹ́ wá di ẹni tí ń pọn ọtí líle ní ìkọ̀kọ̀ nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ kí wọ́n tó lè jẹun. Ọ̀rọ̀ náà kò sì ní í ya àwọn tí ó mọ bí àwọn amúnisìn ti ṣe ń lé àwọn tí ń pọn ògógóró kiri lẹ́nu.

Kò sí owó tí wọn yóò fi rán ọmọ náà lọ sí ilé-ìwé gíga. Ó kọ́ṣẹ́ iná mànàmáná. Ní ọ̀sán, a so wáyà láti ilé dé ilé. Ní alẹ́, a lọ kàwé. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ní ilẹ̀ yìí tí ó fi àtùpà kàwé lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ kí ó tó gba oyè mọ bí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ti gùn tó. Ní 1932 ó gba oyè ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí wọ́n ń pè ní Yunifásítì Olómìnira ti Pólándì, ní 1938 sì ni Yunifásítì Warsaw fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé. Ludwik Wertenstein, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Marie Curie, ni ó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ní ilé ìwádìí. Ó fẹ́ ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Tola Gryn ní iyàwó.

Ní òpin ọdún 1938 ni àwọn onímọ̀ kan ní Berlin ṣe alábàápàdé ohun kan tí kò yé wọn. Ẹni tí ó túmọ̀ rẹ̀ fún ayé ni Lise Meitner, obìnrin Júù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sá àsálà kúrò ní Jámánì, pẹ̀lú Otto Frisch, ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí. Wọ́n ní kóro inú átọ́ọ̀mù yùréníọ̀mù ni ó là sí méjì, tí ó sì tú agbára jáde. Rotblat gbọ́, ó sì dán ohun kan wò fúnra rẹ̀ ní Warsaw ní ìbẹ̀rẹ̀ 1939. Ó rí i pé bí kóro náà bá ti là, àwọn ẹ̀yà wínníwínní tí wọ́n ń pè ní nútírọ́ọ̀nù a máa ta jáde láti inú rẹ̀. Ìwọ̀nyí sì lè lọ la àwọn kóro mìíràn, kí àwọn wọ̀nyẹn náà tún la òmíràn, gẹ́gẹ́ bí iná ọyẹ́ ti í ràn láti inú pápá kan dé èkejì. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní àkókò kúkúrú gan-an, bọ́ǹbù ni yóò dà. Ẹ̀rù èyí bà á, ó sì gbìyànjú láti lé èrò náà kúrò lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kò lè gbàgbé pé àwọn onímọ̀ Hitler pẹ̀lú mọ ìṣirò.

Ní ọdún 1939 kan náà ni ó lọ sí Liverpool láti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ James Chadwick, ẹni tí ó ṣàwárí nútírọ́ọ̀nù ní 1932. Owó tí ó ní kò tó bọ́ ènìyàn méjì, nítorí náà ni Tola ṣe dúró sílé. Nígbà tí Chadwick rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó bá a wá ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ 120 pọ́n-ùn lọ́dún. Rotblat padà sí Warsaw nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà láti mú aya rẹ̀ wá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún Tola ni, kò lè rin ìrìn-àjò. Wọ́n pinnu pé kí ọkọ máa lọ, kí aya tẹ̀lé e bí ara rẹ̀ bá ti yá. Ní ìparí oṣù Kẹjọ ni Rotblat wọ ọkọ̀ ojú irin. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án, Jámánì gbógun wọ Pólándì.

Kò sí ọ̀nà tí kò wá. Ó gbìyànjú láti gba ọ̀nà Denmark yọ ọ́, ogun gba Denmark. Ó gba ọ̀nà Belgium, ogun gba Belgium. Ó gba ọ̀nà Ítálì, Ítálì sì wọ inú ogun náà ní oṣù Kẹfà ọdún 1940. Lẹ́yìn náà, lẹ́tà kò dé mọ́. Àwọn ọmọ-ogun Hitler pa Tola pẹ̀lú àràádọ́ta ọ̀kẹ́ Júù mìíràn, ọkọ rẹ̀ kò sì mọ̀ dájú títí ogun fi parí.

Ọkùnrin tí irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí ni ó bá wọn ṣiṣẹ́ bọ́ǹbù. Àwíjàre rẹ̀ ni pé bí Hitler bá ní i, àfi kí àwọn ọ̀tá rẹ̀ náà ní i, kí ẹ̀rù lè bà á láti lò ó. Nígbà tí ó dàgbà, ó jẹ́wọ́ pé àwíjàre náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí ẹni tí ó ní kí gbogbo ènìyàn rẹ̀ ṣègbé pẹ̀lú òun kò ní í bẹ̀rù ẹ̀san. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1944 ó tẹ̀lé Chadwick lọ sí Los Alamos ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bọ́ǹbù náà ní àṣírí. Kò tíì di ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; ó ní Pólándì ni òun yóò padà sí bí ogun bá tán.

Ohun méjì ni ó yí i lọ́kàn padà. Èkíní ni ọ̀rọ̀ tí ó sọ pé òun gbọ́ lẹ́nu Ọ̀gágun Groves, olórí iṣẹ́ náà, níbi oúnjẹ alẹ́ ní ilé Chadwick ní oṣù Kẹta 1944. Gẹ́gẹ́ bí Rotblat ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1985, Groves ní gbogbo ènìyàn ṣáà mọ̀ pé àwọn ará Rọ́ṣíà ni a fẹ́ fi bọ́ǹbù náà tẹ̀ lórí ba. Ní àkókò náà gan-an, ọmọ Rọ́ṣíà ń kú lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún lójú ogun láti dá Hitler dúró. Èkejì ni pé ní òpin ọdún náà, Chadwick sọ fún un pé ìròyìn ti dé: àwọn ará Jámánì ti pa iṣẹ́ bọ́ǹbù tiwọn tì. Ìdí tí Rotblat fi wá ti parẹ́, ó sì ní òun yóò lọ.

Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá inú ni fáìlì kan lórí rẹ̀ tí ó kún fún ẹ̀sùn pé amí Rọ́ṣíà ni. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀sùn náà ni ó tú fúnra rẹ̀, nítorí irọ́ gbuu ni wọ́n. Síbẹ̀ wọ́n ní kò gbọdọ̀ sọ ìdí tí ó fi ń lọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ó kàn wí pé ọkàn òun kò balẹ̀ nítorí aya òun. Èyí náà kì í kúkú ṣe irọ́. Nígbà tí ó ń ti Washington bọ̀ ní New York ní oṣù Kejìlá, àpótí tí ìwé rẹ̀ gbogbo wà nínú rẹ̀ pòórá nínú ọkọ̀ ojú irin, kò sì fojú kàn án mọ́ láé.

Ènìyàn lè béèrè pé kí ni àwọn yòókù ń wò. Rotblat kò bú wọn. Ó ní ìfẹ́ láti mọ̀ bóyá ìṣirò wọn yóò yọrí ni ó de ọ̀pọ̀ mọ́ ibẹ̀; àwọn kan rò pé bọ́ǹbù náà yóò dá ẹ̀mí àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà sí; àwọn mìíràn bẹ̀rù kí ọ̀nà iṣẹ́ wọn má baà dí; ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù kò tilẹ̀ ka ọ̀rọ̀ náà sí. Ẹ̀ka ìkẹyìn yìí ni ó yẹ kí ó ba àwọn tí ń kọ́ ọmọdé ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lẹ́rù jù.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1945, ó wà ní Liverpool nígbà tí rédíò kéde Hiroshima. Ó di ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1946. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ohun kan tí ó dára púpọ̀: wọ́n fi àwòrán àti ẹ̀rọ kún inú ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ náà sì ń ti ìlú dé ìlú ní 1947 àti 1948, kí àwọn mẹ̀kúnnù lè wọlé wá wo ohun tí átọ́ọ̀mù jẹ́, ire inú rẹ̀ àti ibi inú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó kọ ẹ̀yìn sí iṣẹ́ tí ó lè bí bọ́ǹbù. Ní 1950 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti ilé ìwòsàn St Bartholomew ní London, ó sì ń wádìí ohun tí ìtànṣán olóró ń ṣe sí ara ohun alààyè.

Iṣẹ́ yìí ni ó wúlò nígbà tí Amẹ́ríkà yin bọ́ǹbù ńlá kan ní erékùṣù Bikini ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta 1954. Eruku rẹ̀ bà lé àwọn apẹja Jàpáànì lórí lójú òkun, ọ̀kan nínú wọn sì kú kí ọdún náà tó parí. Ìjọba ní kò sí ewu púpọ̀. Onímọ̀ Jàpáànì kan, Yasushi Nishiwaki, fi ohun tí ó wọ̀n lára ọkọ̀ apẹja náà han Rotblat. Rotblat jókòó ti ìṣirò, ó sì rí i pé ìpele mẹ́ta ni bọ́ǹbù náà ní, àti pé yùréníọ̀mù inú ìpele ìkẹyìn ni ó sọ eruku rẹ̀ di olóró ju bí wọ́n ti wí lọ. Àwọn aláṣẹ kò fẹ́ kí ó sọ ọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1955.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún náà ni Bertrand Russell ka ìkéde kan sí etígbọ̀ọ́ àwọn oníwèé-ìròyìn ní London. Rotblat ni alága ìpàdé náà. Àwọn 11 ni ó fọwọ́ sí i, Einstein sì wà lára wọn, ẹni tí ó fọwọ́ sí i ní ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó kú. Rotblat ni ó kéré jù nínú wọn. Láti ibẹ̀ ni ìpàdé Pugwash ti ṣẹ̀, ní abúlé kan ní Kánádà ní oṣù Keje 1957, níbi tí àwọn onímọ̀ 22 láti Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà àti ilẹ̀ mìíràn ti jókòó pọ̀ nígbà tí àwọn ìjọba wọn kò lè wo ojú ara wọn. Rotblat ni akọ̀wé àgbà wọn títí di 1973. Àwọn tí wọ́n ń pàdé níbẹ̀ wà lára àwọn tí ó la ọ̀nà fún àdéhùn ọdún 1963, èyí tí ó ka ìdánwò bọ́ǹbù nínú afẹ́fẹ́ léèwọ̀. Faransé kò fọwọ́ sí i.

Àwọn àgbà sì ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí a sùn lóru. Ìbọn mẹ́rin ni Faransé yìn nínú afẹ́fẹ́ Sàhárà ní 1960 àti 1961. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní 1961, ìjọba Abubakar Tafawa Balewa lé aṣojú Faransé kúrò ní Nàìjíríà, ó sì ti èbúté mọ́ ọkọ̀ wọn. Ìbínú náà kan Niger àti Dahomey pàápàá, nítorí apá kan nínú ẹrù wọn ń gba ilẹ̀ Nàìjíríà kọjá. Àwòrán ilẹ̀ tí àwọn ọmọ-ogun Faransé fi pamọ́ títí di 2013 fi hàn pé eruku bọ́ǹbù àkọ́kọ́ náà tàn ká Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó sì dé gúúsù Yúróòpù.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, yùréníọ̀mù fúnra rẹ̀ di ọjà Niger. Ní 1971 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wà á ní Arlit, ní ìhà àríwá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkọ̀ akẹ́rù fi ń gbé e gba ojú aṣálẹ̀ dé Parakou, kí ọkọ̀ ojú irin tó gbé e dé èbúté Cotonou. Ní àwọn ọdún náà, ó ń tan iná fún àwọn ilé ní ilẹ̀ Faransé, nígbà tí Niamey àti àwọn ọjà rẹ̀ ń gba ọ̀pọ̀ nínú iná tiwọn láti Nàìjíríà.

Rotblat fẹ̀yìn tì ní 1976, ṣùgbọ́n kò sinmi. Ní 1995 wọ́n pín ẹ̀bùn Nobel ti Àlàáfíà láàrin òun àti ẹgbẹ́ Pugwash. Ó ti pé ẹni ọdún 87 nígbà tí ó dúró ní Oslo láti gbà á. Kò fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ó kú ní London ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 2005, ọdún 66 lẹ́yìn oṣù Kẹjọ tí ó fi Tola sílẹ̀ ní Warsaw.