Orin Wo Ni Kí Ó Ṣáájú? Láti Ayé Àwo Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Dé Ayé "Essence"

Nígbà tí Wizkid ń múra àwo Made in Lagos sílẹ̀ fún ọjà ní ọdún 2020, "Smile" ni ó kọ́kọ́ jáde ní oṣù Keje, "No Stress" sì tẹ̀lé e ní oṣù Kẹsàn-án. Àwọn méjèèjì ni ó ń lu agogo níwájú pé àwo ńlá ń bọ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá tí àwo náà dé, "Essence" tí Tems bá a kọ wà láàárín àwọn orin yòókù, láìsí ẹni tí ó fi í ṣe aṣíwájú. Àwọn olùgbọ́ ni ó fà á yọ. Oṣù Kẹrin ọdún 2021 ni wọ́n tó sọ ọ́ di síńgù, ìyẹn orin kan ṣoṣo tí a yà sọ́tọ̀ láti máa polówó. Ní oṣù Keje ó wọ àtẹ Billboard Hot 100 ní Amẹ́ríkà; ní oṣù Kẹjọ Justin Bieber fi ohùn tirẹ̀ sí ẹ̀dà tuntun; ní oṣù Kẹwàá orin náà dé ipò 9.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ìṣẹ̀lẹ̀ yìí sí ohun tuntun tí íntánẹ́ẹ̀tì mú wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lórí ẹni tí ó ní àṣẹ láti yan orin ti pẹ́ láàárín àwọn olórin Yorùbá, ó sì ti ná àwọn kan lára wọn ní ohun púpọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwo fúnra rẹ̀ ni ó ń yàn. Nígbà tí Ẹni Ọ̀wọ̀ J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, bàbá bàbá Fẹlá, kọrin sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922, ojú àwo kan kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ. Orin tí a lè fi gbogbo òru kọ lójú agbo ní láti ká ara rẹ̀ jọ. Èyí tí àyè kò bá gbà, ìta ni yóò wà. Àwo kékeré tí ó dé lẹ́yìn náà, tí ń yí ní ìgbà 45 láàárín ìṣẹ́jú kan, kò fi púpọ̀ kún un. Ojú kìíní wà fún orin tí ilé-iṣẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé, ojú kejì fún èyí tí yóò kàn bá a rìn. Inú àyè tóóró yìí ni I. K. Dairo ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, títí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi fún un ní oyè MBE ní ọdún 1963. Ibẹ̀ náà ni Sunny Adé, ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà náà, ti fi "Challenge Cup" jáde ní ọdún 1968. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni ó mú kọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni ó wà lẹ́nu ará ìlú.

Àwo ńlá ni ó tú orin sílẹ̀. Ojú kan rẹ̀ gbà tó nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, àwọn olórin jùjú àti àpàlà sì kún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdákẹ́: orin wọnú orin, oríkì wọnú òwe, ìlù kò sinmi. Ẹni tí ó ń ra àwo l'Ékòó tàbí n'Íbàdàn kì í béèrè pé orin wo ni aṣíwájú. Ohun tí yóò béèrè ni pé, ta ni wọ́n kì nínú rẹ̀? Nígbà tí Haruna Ìṣọ̀lá fi "Oroki Social Club" kì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ní Òṣogbo ní ọdún 1971, ó ti ní olùrà kí àwo tó kúrò lórí ẹ̀rọ. Ẹni tí a bá pe orúkọ rẹ̀ nínú àwo yóò lù ú ní gbogbo òde tí ó bá ṣe, àlejò rẹ̀ yóò sì lọ ra tirẹ̀. Ó ṣòro láti rí ìpolówó tí ó gbọ́n ju ìyẹn lọ. Haruna àti Dairo tilẹ̀ ti dá ilé-iṣẹ́ tiwọn, Star Records, sílẹ̀ láti ọdún 1969, kí èrè má baà máa bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Sunny Adé pẹ̀lú bá ilé-iṣẹ́ African Songs fà á lórí àdéhùn wọn, ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́, ó sì dá Sunny Alade Records sílẹ̀.

Ọkùnrin tí ó ti jà fún ara rẹ̀ báyìí ni Island Records wá bá. Bob Marley kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 1981. Chris Blackwell tí ó ni Island ń wá ẹni tí yóò dí àlàfo náà, Martin Meissonnier, ará Faransé tí ó mọ orin ilẹ̀ Áfríkà, sì mú Sunny Adé wá. Lómé, ní orílẹ̀-èdè Tógò, ni wọ́n ti gba ohùn àwo Juju Music tí ó jáde ní ọdún 1982. Ẹni tí ó bá fi àwo yìí wé àwọn tí Sunny Adé ń ṣe l'Ékòó yóò rí ohun tí ó yí padà. Wọ́n gé e sí orin 7, olúkúlùkù pẹ̀lú ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin tirẹ̀. Oríkì àwọn gbajúmọ̀ fà sẹ́yìn, nítorí pé ará Lọ́ńdọ̀nù kò mọ ẹni tí wọ́n ń kì. Gìtá àti gángan bọ́ síwájú.

"Ja Funmi" ni wọ́n fi ṣí àwo náà. Ẹ̀bẹ̀ ni orin yìí, ẹ̀bẹ̀ sí orí ẹni pé kí ó gbèjà ẹni. Àwọn òyìnbó jó sí i láìmọ̀ pé àdúrà ni. Àwọn oníwèé ìròyìn yìn ín gidigidi. Synchro System tẹ̀lé e ní ọdún 1983, ó sì wọ inú àwọn tí wọ́n yàn fún àmì-ẹ̀yẹ Grammy. Lórí Aura ní ọdún 1984, Stevie Wonder wá fun hàmóníkà fún wọn. Síbẹ̀, ọjà kò tà tó bí Island ti retí, wọ́n sì pínyà.

Àwọn kan ní Sunny Adé kò gbà kí wọ́n sọ orin òun di ti òyìnbó ju bí ó ti yẹ lọ. Ìyẹn lè jẹ́ òótọ́, ó sì bá ìwà ẹni tí ó ti lọ sí ilé-ẹjọ́ nítorí orin rẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju agídí lọ. Rédíò Amẹ́ríkà ń fẹ́ orin kúkúrú tí olùgbọ́ lè bá kọ ègbè rẹ̀ nínú ọkọ̀. "Ja Funmi" gùn tó ìṣẹ́jú 7, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Island ní àwo tí ó dára púpọ̀, kò ní orin kan tí yóò gbé e wọlé. Irú orin bẹ́ẹ̀ kò sì sí nínú iṣẹ́ tí Sunny Adé kọ́, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú òde gbóná títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni kásẹ́ẹ̀tì àti síídì dé, agbára sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Aláàbà, tí wọ́n ń san owó kan lẹ́ẹ̀kan náà fún olórin kí wọ́n tó tẹ àwo rẹ̀. Lónìí, fóònù ni ọjà. "Love Nwantiti" tí CKay gbé jáde ní ọdún 2019 dúró fún bí ọdún 2 kí àwọn ọmọ TikTok tó gbé e káàkiri ayé. Àwọn ilé-iṣẹ́ ti kọ́ ọgbọ́n nínú rẹ̀: wọ́n ń wò ó kí ará ìlú kọ́kọ́ yàn, wọn a sì wá fi olórin òyìnbó kún un, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti fi Selena Gomez kún "Calm Down" ti Rema, tí ó dé ipò 3 ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2023.

Orin sì tún ti kúrú. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí ń jáde báyìí kò ju ìṣẹ́jú 3 lọ, bíi ti ayé Ransome-Kuti. Lórí Spotify, ẹni tí ó bá pa orin kan kí ó tó pé 30 ìṣẹ́jú-àáyá, a kò ka gbígbọ́ rẹ̀ mọ́ iye tí olórin ń gba owó lé lórí. Nítorí náà ni àwọn olórin ṣe ń mú ègbè wá síwájú, tí wọ́n sì ń gé ìlù àti gìtá ìbẹ̀rẹ̀ kúrò. Lórí àwo jùjú àtijọ́, ní ìwọ̀n àkókò bẹ́ẹ̀, gìtá ṣì lè máa dá sọ̀rọ̀, kí ọ̀gá tó la ẹnu rárá.