Fred Hampton: Ọmọ Ọdún 21 Tí Ìjọba Ń Bẹ̀rù

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a jọ ń kàwé ti pé ọmọ ọdún 21. Iye ọdún tí Fred Hampton lò láyé nìyẹn kí àwọn ọlọ́pàá tó yìnbọn pa á nínú yàrá rẹ̀ ní Chicago.

Ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ ọdún 1948 ni wọ́n bí i. Maywood, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Chicago, ló ti dàgbà. Nígbà náà, kò sí adágún tí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ìlú náà ti lè lúwẹ̀ẹ́. Hampton kò tíì pé ọmọ 20 ọdún tó fi kó àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ NAACP jọ, tí wọ́n ní kí ìlú kọ́ ọ̀kan tí gbogbo ọmọ á máa lò.

Lọ́dún 1968, ó wọ ẹgbẹ́ Black Panther, kò sì pẹ́ tó fi di alága wọn ní ìpínlẹ̀ Illinois. Ẹgbẹ́ yìí máa ń fún àwọn ọmọdé lóúnjẹ àárọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó lọ sílé ìwé.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe lọ́dún 1969 ló ya àwa lẹ́nu jù. Òun àti Bob Lee, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, bá àwọn Young Lords, ìyẹn àwọn ọ̀dọ́ tí orírun wọn jẹ́ Puerto Rico, dòwò pọ̀. Wọ́n tún bá àwọn Young Patriots, òyìnbó tálákà tó ń lo àsíá àwọn tó jagun nítorí kí òwò ẹrú má baà parẹ́. Kí ló pa wọ́n pọ̀? Ilé tí kò dára, àìríṣẹ́ àti ìyà ọlọ́pàá. Wọ́n pe ìṣọ̀kan náà ní Rainbow Coalition, nítorí bí àwọ̀ òṣùmàrè ṣe pọ̀ tó, ọ̀kan ni.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. William O'Neal, tó ń ṣọ́ ààbò ẹgbẹ́, ń ṣe amí fún FBI. Òun ló ya àwòrán ilé Hampton fún wọn. Ní ìdájí ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 1969, ọlọ́pàá wọlé. Ọta ìbọn tó lé ní 90 ni wọ́n yìn; ẹyọ kan péré ló wá láti ọwọ́ àwọn tó wà nínú ilé. Hampton kú, Mark Clark náà kú. Lọ́dún 1982, ìjọba gbà láti san 1.85 mílíọ̀nù dọ́là fún àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ṣẹ̀wọ̀n.

Lójú tiwa, kì í ṣe ìbọn nìkan ni ìjọba bẹ̀rù. Wọ́n bẹ̀rù ọjọ́ tí àwọn tálákà máa mọ̀ pé ìyà kan náà ló ń jẹ wọ́n.

Maywood padà kọ́ adágún náà. Orúkọ Fred Hampton ló ń jẹ́ títí di òní.