Ọmọ ajá tó wọ inú ife

Ẹnìkan nínú wa ní Farin Gada bèèrè lánàá pé oníbàárà òun ní Èkó ń wá ọmọ ajá tí kò ju ife tíì lọ, ṣé òun lè fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀ tòmátò. Mo ní kí n sọ ìtàn rẹ̀ kí ó tó nawó.

Iṣẹ́ ni wọ́n fi ń sin ajá yìí tẹ́lẹ̀ o. Yorkshire terrier, tí wọ́n ń pè ní Yorkie, apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ ló ń sìn ín kó lè máa pa eku. Èyí tí wọ́n kà sí baba gbogbo wọn, Huddersfield Ben, wọ́n bí i ní 1865, ó kú ní 1871. Ó tó bíi kílò 5, ó sì ń pa eku bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Ìgbà tó yá, àwọn olówó fẹ́ èyí tí wọ́n lè gbé sórí itan. Bẹ́ẹ̀ ni kíkéré di owó. “Teacup” tí wọ́n ń pariwo lónìí kì í ṣe irú ajá kankan, orúkọ ọjà ni. Àwa náà kúkú mọ̀ ọ́n ṣe: a kì í sọ pé tòmátò ti fẹ́ bàjẹ́, a ó ní ti ọbẹ̀ òní ni.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rí i? Èyí tó rán jù nínú àwọn ọmọ tí ajá kan bí, òun ni wọ́n máa mú gun irú ẹ̀. Ẹlòmíì á kàn já ọmọ gbà lẹ́nu ọmú ní ọ̀sẹ̀ 4, á ní bí ìran rẹ̀ ṣe kéré nìyẹn. Ẹ la ẹnu ẹ̀ wò: ọmọ ajá tó pé ọ̀sẹ̀ 8, ó yẹ kí eyín ọmọdé rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé.

Àwùjẹ̀ ẹlòmíì nínú wọn kì í dí, orúnkún wọn máa ń yẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ń yára pa wọ́n ni ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ara wọn kéré débi pé kò ríbi tọ́jú oúnjẹ pa mọ́ sí. Wákàtí mélòó kan láìjẹun, ó parí. Òtútù Jos sì tún ń mú kí wọ́n tètè lo ìwọ̀nba tó wà lára wọn.

Ojú mi rí i. Nígbà ọyẹ́ kan, mo gbé ọ̀kan nínú páálí lọ fún ìbátan mi n'Íbàdàn. Ó ń gbọ̀n, mo ní òtútù ni, mo fi ìborùn mi bò ó. Mi ò fún un lóúnjẹ, kó má baà ṣu sí mi lára. Ká tó dé Lokoja, gìrì ti mú un, ó sì kú sí mi lọ́wọ́. Dókítà ẹranko tí mo sọ fún lẹ́yìn náà ní tí mo bá fi oyin díẹ̀ pa á ní ìdí eyín, ó ṣeé ṣe kó ràn án lọ́wọ́ títí a ó fi rí oníṣègùn. Oyin sì wà nínú ẹrù mi.

Ní 2013, wọ́n yọ ajá kékeré kan tó ń jẹ́ Lucy kúrò níbi tí wọ́n ti ń fi í bímọ ṣáá ní Wales. Ó kú ní 2016. Òfin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè bẹ̀rẹ̀ ní England ní oṣù kẹrin 2020: alágbàtà kò gbọ́dọ̀ ta ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù 6 mọ́, ọwọ́ ẹni tó sin ìyá rẹ̀ ni kéèyàn ti rà á, kó sì rí ìyá náà. Alágbàtà o! Àwa gan-an nìyẹn.

Nítorí náà, ìwọ tó bèèrè, má gbé e sínú ọkọ̀ tòmátò. Sọ fún oníbàárà rẹ pé kó wá sí Jos fúnra rẹ̀, kó wá wo ìyá ajá náà.